Àmín Ọ̀gá Mẹkáníìkì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àṣírí ọ̀gá mẹkáníìkì tú, ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbàdúrà rárá. Omi ni ó ń béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ sí. Ọkọ rí i pé ètè rẹ̀ ti dúró, ó sì fi gbogbo ẹnu dáhùn:

"Àmín o!"

Ọmọbìnrin wọn bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá! Òùngbẹ ń gbẹ Màmá, ẹ ń ṣe àmín!"

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sí àárọ̀ tí kò gbàdúrà fún un pé: "Jáàkì kò ní já yín kulẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Irin kò ní jẹ yín lọ́wọ́." Àṣé etí bàbá yìí ti di, ètè òun lásán ni ó ń wò!

Ọmọ wọ́ bàbá lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì lu irin ẹlẹ́nu méjì kan mọ́ orúnkún ara rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ọn létí.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Kí ni?"

Ó wá gbé èèkù irin náà lé eegun ẹ̀yìn etí. Ara ọ̀gá yá gágá. Bí òun náà ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹnu sukurudíráfà lára ẹ́ńjìnnì, èèkù rẹ̀ lẹ́yìn etí, àìsàn ọkọ̀ a sì jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n irin gbọ̀n títí, ọ̀gá kò gbọ́ ìró tín-ín-rín rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kígbe mọ́ ọn létí: "Bàbá, bí òkúta tí a jù sódò ṣe ń mi omi, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń mi afẹ́fẹ́ títí yóò fi kan awọ inú etí. Awọ a mi eegun kéékèèké, eegun a mi omi tó wà lẹ́yìn wọn. Irun tín-ín-rín ló wà nínú omi yẹn tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti fá tiyín."

"Kò ní hù padà ni? Irùngbọ̀n mi kì í sinmi!"

"Kì í hù, bàbá. Ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń lọ. Ìró tó nípọn ló ń kẹ́yìn."

"Ohùn ẹnì kan péré ni mo ń wá. Ẹ máa kó ìyókù lọ."

Nígbà tí wọ́n fi padà délé, ohùn ìyàwó ti lọ sílẹ̀. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n lásán, kò ṣeé wò mọ́. Ọmọ fẹ́ máa kígbe ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sí bàbá létí, bàbá dá a dúró. Ó kúnlẹ̀, ó yí orí, ó gbé eegun ẹ̀yìn etí rẹ̀ lé ìyàwó láyà.

Nǹkan ń kùn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó nípọn, ó ń ti inú eegun bọ́ sínú eegun. Kò gbé ọ̀rọ̀ kankan dání, ṣùgbọ́n bàbá mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́: bí ó ṣe ń gòkè níbi orúkọ òun, bí ó ṣe ń falẹ̀ níbi orúkọ Ọlọ́run. Àdúrà àárọ̀ ni.

Ó di ojú. Lọ́tẹ̀ yìí, àmín rẹ̀ kò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Kíkùn náà dúró. Bàbá retí. Ó tún fi eegun mọ́ eegun, ó retí.

Ọmọ pa ojú ìyá rẹ̀ dé, ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá.

"Jẹ́ kí ó parí ná," ni bàbá wí.