Gaàrí Tí Bísí Rẹ Sómi

Ọ̀rẹ́ mi, oorun ọ̀sán ló gbé mi lọ, ni mo bá bá ara mi nídìí abọ́ kan pẹ̀lú Bísí àbúrò mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ìgbà àkọ́kọ́ tirẹ̀ nìyí. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ́ sórí la rẹ sómi bíi gaàrí. Tirẹ̀ ń wú, ó ń kún ṣíbí. Omi lásán ni tèmi.

Mo ní, "Bísí, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ni, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ gba gbogbo rẹ̀."

Ìkúnlẹ̀ yẹn bí mi nínú ju gaàrí lọ. Mo gba abọ́, mo ń gbé e mì, n kò yó.

Mo jí. Ìwé Bísí ni mo gbá mọ́ra, ewé kan nínú rẹ̀ ti rin gbingbin lẹ́nu mi.