Ẹ̀yìn Aṣọ Ìkélé

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá inú bí mi lọ́jọ́ náà. Alágbàfọ̀ ni mí. Aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀ bámúbámú tí mo fi pa áyọ́ọ̀nù, tí mo sì dorí kọ ilé ìwé. Ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọbìnrin tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́, gba ogún nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò, ó wá ní eré orí ìtàgé lòun ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ní kíláàsì. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku.

Kí n má purọ́, ìṣirò nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, "ẹ káàárọ̀ mà" àti "ó dàárọ̀ mà" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ yìí. Ẹ̀rù ń bà mí kó má di odi mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo wá a lórí ìtàgé, n kò rí i. Olùkọ́ wọn nawọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Orí àpótí ló jókòó sí níbẹ̀, ìwé eré lórí itan. Òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀.

"Eré tẹ́nì kankan ò ti ní rí ẹ!" Mo já ìwé náà gbà. "Dìde, ká máa lọ."

Kò janpata. Bó ṣe dìde báyìí, orí ìtàgé pa rọ́rọ́. Ọmọkùnrin tó ń ṣe ọba ti gbàgbé ọ̀rọ̀, ó ń wo ọ̀dọ̀ wa bí ẹni tó sọnù. Àwọn yòókù náà ń wo ẹnu ọmọ mi.

Jẹ́jẹ́ wo ìwé lọ́wọ́ mi, kò tọrọ rẹ̀.

"Bí mo tilẹ̀ lọ," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọba, "ilé ò ní tú."

Ọba tún un sọ. Ẹlòmíràn tún gbàgbé, Jẹ́jẹ́ tún fún un ní tirẹ̀. Ó ti há gbogbo eré náà sórí, látòkè délẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nínú ọmọ yìí.

Mo na ìwé sí i. "Gbà, ìyá mi. Má bínú."

Ó sún fún mi lórí àpótí. "Ẹ jókòó, màámi. Tá a bá ń lọ sílé, màá sọ bó ṣe parí fún yín."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti ọba, ó sọ ti àwọn ọ̀rẹ́ tuntun tó rí nídìí eré náà, ó wá kan bàbá rẹ̀ tó ti kú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà tó jìn.