Bàtà Mẹ́jọ Aláǹtakùn

Ẹni tó bá ní ọmọdé ò gbọ́n, kó wá sí àdúgbò Totsi, kó wá bi Títílayọ̀ léèrè ohun tójú rẹ̀ rí. Aṣọ ló ń rán. Tó bá di Sátidé, á kó àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun jọ sínú ilé ìjọsìn, á máa kọ́ wọn ní ìwé Yorùbá. Tantí ni wọ́n ń pè é. Faransé ni wọ́n ń kà níléèwé, èdè Mina ni wọ́n fi ń jà ládùúgbò. Yorùbá ni ìyá wọn fi ń bú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bó ṣe rí nínú ìwé.

Ìwé aláwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ìtàn inú rẹ̀ ni pé aláǹtakùn ra bàtà mẹ́jọ, ó wọ̀ wọ́n lọ jẹ àsè. Ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kó bọ́ bàtà síta. Kí ẹni ẹlẹ́ni tó bọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán, àwọn yòókù ti jẹ àgbàdo sísun tán pátá! Títílayọ̀ ò kúkú lè kàwé lásán. Ó sọ ọ́ di àlọ́, ó fi orin sí i. Á ní, "Ó bọ́ ọ̀kan!" Àwọn ọmọ á gbè é, "Ó ku mélòó?"

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Ezekiel, àgbà ìjọ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní pọ́ọ̀tù, pè é. "Títílayọ̀, àwọn akọrin ń tọrọ ibí yìí ní Sátidé. Màá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọmọ kan bá kàwé fún mi, ẹ dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn."

Ẹ̀rù ò ba Títílayọ̀ rárá. Ó pe Abigail, ọmọ ọdún mẹ́fà, pé kó kàwé. Abigail kà á geere, kò kọsẹ̀ níbì kan. Ìdùnnú fẹ́ pa Títílayọ̀, àfi ìgbà tó rí i pé ẹsẹ̀ aláǹtakùn kọjú sókè. Orí kodò ni ọmọ náà gbé ìwé! Ó bá a tún un gbé. Abigail di ojú pinpin.

"Tantí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé yẹn kúrò, ó ń dà mí láàmú. Ẹ jẹ́ kí n kàwé."

"Mo gbé!" ni Títílayọ̀ ní. Àṣé orin ló ti ń kọ́ wọn látọjọ́ yìí!

Ló bá gé àkísà, ó fi píìnì há a bo gbogbo àwòrán. Àwọn ọmọ sunkún bí ẹni pé ó sin aláǹtakùn láàyè. Kò gbà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á máa fi ìka tọ lẹ́tà: bọ́, bàtà, síta, àgbàdo. Títí di Fúráìdè, bí ewúrẹ́ tó fẹ́ fo gọ́tà ni wọ́n ṣe ń kà á.

Ní Sátidé, Bàbá Ezekiel wọlé wẹ́rẹ́ tòun ti fóònù létí, ó ń pariwo lórí kọ̀nténà kan. Bàtà dúdú tó ń dán wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nínú ilé ìjọsìn! Ta ló máa sọ fún àgbà?

"Ìwọ, wá kàwé," ó nawọ́ sí Abigail.

Abigail wo ìwé tí wọ́n fi àkísà bò, ó yọ ètè. "Bàbá, mi ò ka ìyẹn. Tantí ti pa aláǹtakùn."

Ó ti tán fún Títílayọ̀! Bàbá Ezekiel mi orí. "Ó dáa, màá sọ fún àwọn akọrin."

Ṣùgbọ́n ojú Abigail ti kúrò lára ìwé, ó ń wo òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n kọ nǹkan sí láyé ọjọ́un. Kò sẹ́ni tó ń ka àkọlé yẹn mọ́, kò sì ní àwòrán kankan. Ó na ìka sókè.

"Bọ́... bà... bàtà. Bọ́ bàtà... rẹ... síta. Àgbà..." Ó dúró, ó fajú ro. "Tantí, ta ló jẹ 'do' tó kù?"

"Kò sí 'do' níbẹ̀, ọmọ mi," ni Títílayọ̀ ní. "Máa kà á lọ."

"Àgbà... àti... ọmọdé."

Gbogbo ojú wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ Bàbá Ezekiel. Òun náà wò ó. Ó rọra sọ fóònù sápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà kan.

"Ó bọ́ ọ̀kan!" ni àwọn ọmọ fi igbe ta. "Ó ku mélòó?"

Títílayọ̀ fọwọ́ bo ojú. Bàbá Ezekiel dúró lórí ẹsẹ̀ kan, bàtà lọ́wọ́.

"Ó ku ẹyọ kan," ó dáhùn jẹ́jẹ́. "Títílayọ̀, sọ fún àwọn akọrin kí wọ́n máa wá kọrin ní àgbàlá mi ní Sátidé. Ẹ dúró."