Kọ́tíìnì Yàrá Àlejò

Kò sí ohun tó ń bí Tíṣà Pọ́íńtì nínú tó kí èèyàn fi ẹsẹ̀ bàtà wọn nǹkan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ náà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí nọ́ńbà kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ láìní pọ́íńtì nínú.

"Ẹsẹ̀ bàtà ta ni?" ló máa ń bi ìyàwó rẹ̀. "Tèmi àbí tìẹ? Sẹ̀ǹtímítà ò lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn tí ò fi lè rìn kúrò níbi tó wà."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn, kí dókítà lè tọ́jú orúnkún rẹ̀, ìyàwó gbé odindi ìgàn aṣọ kan jáde nínú àpótí. Yáàdì méjìdínlógún ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ara rẹ̀.

"Oòrùn àárọ̀ ò ní jẹ́ kí Màmá sùn ní yàrá àlejò yẹn," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí Télọ̀ gé díẹ̀ níbẹ̀ fún kọ́tíìnì méjì. Fèrèsé yẹn ò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ."

Tíṣà rẹ́rìn-ín ìyàngì. Ó gun àga, ó wọn fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà: gíga, 152.0, fífẹ̀, 80.0. Kò kọ sẹ̀ǹtímítà sí i. Lójú tirẹ̀, nọ́ńbà wo ló tún wà láyé?

Télọ̀ tí wọ́n ní ládùúgbò, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Íǹṣì lobìnrin náà ti ń lò láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ojú kejì téèpù rẹ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà, lásán ló wà. Ó wo bébà, ó wo ìgàn aṣọ, ó tún wo bébà.

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé fèrèsé yìí ga tó báyìí ṣá?"

"Ta ló kọ́ ẹ ní nọ́ńbà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ohun tí mo kọ ni kó o gé."

Télọ̀ ká bébà náà sápò. Ẹni tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní ìṣirò kì í bá olùkọ́ jiyàn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá ń bọ̀ gan-an ni kọ́tíìnì dé. Ẹrù náà wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí Tíṣà ta á sí fèrèsé, aṣọ náà já wálẹ̀, ó gbá ilẹ̀, ó yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì po, ó kù díẹ̀ kó jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó wọlé.

"Ìgàn aṣọ mi dà?"

Tíṣà tọ́ka sí fèrèsé.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ṣẹ́ ku ìwọ̀n áńkáṣíìfù kan."

Bí ìyàwó ṣe fẹ́ la ẹnu, wọ́n gbọ́ fèrè mọ́tò níta. Tíṣà sáré gbé òòlù, ó kan irin kọ́tíìnì mọ́ abẹ́ àjà pátápátá. Àjà ọ̀hún ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí Tíṣà dárí jì wá, síbẹ̀ aṣọ ṣì ń wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ ìyàwó tuntun.

Màmá fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ tó ti bá ọkọ ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi rúlà pín búrẹ́dì ló ti ń pè é ní ahun. Ó dúró, ó gbójú sókè, ó wo àjà títí dé ilẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Nítorí tèmi?" Ó fọwọ́ pa aṣọ náà lára. "Ọmọ mi, mo ti bú ẹ sẹ́yìn o. Mo ní ọwọ́ ẹ há. Mi ò mọ̀ pé èmi lò ń pa á mọ́ dè."

Ìyàwó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ihò eku, Tíṣà sì sáré lọ gbé ẹrù Màmá wọlé.

Kò sì sùn dáadáa. Nígbà tí wọ́n jókòó sídìí tíì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fọkàn akin sọ ọ́.

"Màmá, àṣìṣe ni kọ́tíìnì yẹn. Sẹ̀ǹtímítà ni mo kọ, íǹṣì ni Télọ̀ gé."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ! Ó ṣe oore tán, ó tún ń fi bò. Odindi tíṣà ìṣirò ni yóò ṣi nọ́ńbà kọ?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo ò mọ irú ọkọ tó o fẹ́."

Ìyàwó ki ẹnu bọ inú ife tíì, kò sì tètè yọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ní orúnkún ti mókun. Màmá pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù, ó ní kó má wulẹ̀ wá gbé òun.

"Ibi tí wọ́n ti mọyì èèyàn tó báyìí," ló wí, "ìwà àìmoore ni kéèyàn sáré kúrò níbẹ̀. Màá ṣì pẹ́ díẹ̀."

Tíṣà fẹ́ béèrè pé díẹ̀ yẹn tó mélòó gan-an. Ìyàwó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un nígbáàyà, ó sì bu tíì kún ife Màmá.