Ọjọ́ Tí Sùlè Gbé Ìbọn Dé Ìsọ̀ Dúródọlá

Kò sí aláàárù kan ní ibùdókọ̀ ojú irin Parakou tí kò mọ Ọmọ́ládé. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ọkùnrin gíga, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti Kútọnu dé, àpò iyọ̀ méjì ló máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa bá èèyàn ṣàwàdà lọ bí ẹni tó gbé igbá òfìfo. Bí àwọn aláàárù bá ń jà, òun ni wọ́n ń ké sí. Bó bá ti dúró sáàárín wọn báyìí, ìjà parí.

Ìyàwó rẹ̀, Dúródọlá, aránṣọ ni. Iwájú ilé wọn ní àdúgbò Albarika ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn ńlá sí ojú títì àti ilẹ̀kùn kékeré sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Ní igun yàrá, ó ta aṣọ kan sórí okùn. Ẹ̀yìn aṣọ títa náà ni àwọn obìnrin ti máa ń wọ aṣọ tuntun wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń lọ aṣọ.

Ní àsìkò òjò ọdún 1966 ni wọ́n mú Sìkírátù wá bá a. Ọmọ ogún ọdún ni, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán. Ọkọ rẹ̀, Sùlè, tó ń ṣọ́ àká òwú kan lọ́nà Banikanni, ló fi ẹ̀ṣẹ́ kán an. Àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà ló fà á lọ́wọ́ wá. Ó ní, "Ìyá Àbíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́, kó rí nǹkan dì mú. Kò ní padà sílé ọkùnrin yẹn mọ́."

Dúródọlá gbà á. Kò pẹ́ tí Sìkírátù fi ń pè é ní Táńtì, bí àwọn ọmọ Parakou ṣe ń pe ìyá tí kò bí wọn. Bí Sìkírátù bá ń rẹ́rìn-ín, yóò fọwọ́ bo ẹnu nítorí eyín tó kán.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sùlè ránṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí ìyàwó òun máa bọ̀ wálé. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi í fún ọkùnrin mìíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn. Ọmọ́ládé rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

"Ajá tó ń gbó lásán ni," ló wí. "Kó wá bá mi níbí."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni. Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa bo gbogbo òrùlé. Ọkọ̀ ojú irin pẹ́ lọ́nà lọ́jọ́ náà, ni Ọmọ́ládé bá wá sílé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. Sìkírátù wà lẹ́yìn aṣọ títa, ó ń fi irin eléèédú lọ bùbá oníbàárà kan.

Òjìji ni wọ́n kọ́kọ́ rí nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, Sùlè ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì kò ní. Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣọdẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ẹnu rẹ̀ síwájú.

"Sìkírátù dà?"

Ohun tí Ọmọ́ládé ṣe tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí i dáadáa. Bẹ́ǹṣì ṣubú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé dún gbàà, ọkùnrin náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Dúródọlá ń rán ẹ̀gbẹ́ yẹ̀rì kan lọ́wọ́. Ó fẹ́ dìde, ara kọ̀. Ó fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ̀rọ ń dún, aṣọ tán lábẹ́ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò lórí òfìfo, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹnu ìbọn nìkan ló ń rí. Ó rí i pé ó ti dípẹtà létí, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé ó yẹ kí ẹnì kan fi epo nù ún.

"Mo ní ìyàwó mi dà, Màdáámù! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Níbẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún Dúródọlá gbéra. Kò rán an níṣẹ́. Ọwọ́ náà kúrò lórí ẹ̀rọ, ó nà tààrà sí igun yàrá, sí aṣọ títa.

Lẹ́yìn aṣọ náà, Sìkírátù ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Ó la ẹnu kó ké, ohùn ò jáde. Irin gbígbóná wà lórí apá bùbá oníbàárà, èéfín ti ń rú, ó ń wò ó, kò lè gbé ọwọ́ láti mú un kúrò. Òórùn aṣọ tó ń jó gba gbogbo ìsọ̀ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ohùn kan fi dún lẹ́yìn Sùlè.

"Ta ní ń jó aṣọ aláṣọ níbí? Sùlè! Àbí ìwọ kọ́ nìyẹn?"

Sùlè yíjú padà, kò sì rí ọwọ́ tí Dúródọlá nà. Ìyá Gàní ni, arúgbó tó ń ta kúlíkúlí ní òdìkejì títì. Ó mọ Sùlè láti kékeré, torí òun àti àwọn òbí rẹ̀ jọ gbé ilé kan náà rí.

"Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀," ni Sùlè wí.

"Kí n kúrò lọ síbo? Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé nìyẹn? O rí àgbà, o ò kí i? Kàsìmáwò tó bí ọ kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàtà rẹ kejì ńkọ́? Wo ètè rẹ bó ti gbẹ! Ìgbà wo lo jẹun gbẹ̀yìn?"

"Màmá, mo ní kí ẹ..."

"Kí mi ná!"

Bóyá ẹ̀kọ́ ilé ló gbé e, bóyá àárẹ̀ ni. Orúnkún Sùlè tẹ̀, ẹnu ìbọn sì dojú kọ ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Ó dáa. Wá jókòó."

Ìyá Gàní gbé bẹ́ǹṣì tó ṣubú dìde, ó jókòó, ó fọwọ́ gbá àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sùlè jókòó síbẹ̀, ó gbé ìbọn sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyá náà gbọ́wọ́ lé ìbọn. Kò gbà á, ó kàn gbọ́wọ́ lé e ni, ó sì ń bá Sùlè wí lọ láìsinmi, nípa bàtà, nípa ìyá rẹ̀ tó ti kú, nípa ẹ̀pà tó wọ́n lọ́dún náà. Nígbà tó yá, Sùlè da orí kodò, ó bú sẹ́kún. Báyìí ni àwọn sándáámù, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba, ṣe dé bá wọn, nítorí aládùúgbò kan ti sáré lọ pè wọ́n. Wọ́n gba ìbọn náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀.

Wọ́n mú Sùlè lọ tán, ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì ń dún. Àwọn obìnrin méjì ló kúnlẹ̀ di orúnkún Dúródọlá mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró.

Ní ti Ọmọ́ládé, abẹ́ ọkọ̀ ẹrù kan tó dúró lórí irin ní ibùdókọ̀ ló ti bá ara rẹ̀. Kò rántí odi tó fò, kò rántí ọ̀nà tó gbà. Orúnkún rẹ̀ ti bó, ẹ̀pà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, àfi bí orúkọ ìyàwó rẹ̀ ṣe sọ sí i lọ́kàn lójijì. Ó pariwo, ó sáré padà bí wèrè. Nígbà tó fi máa dé Albarika, èrò ti kún iwájú ilé rẹ̀.

"Ọmọ́ládé, káàbọ̀ o!" ni ẹnì kan kígbe. "Báwo lo ṣe bá wọn ní Kútọnu?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọkùnrin Albarika di akọni. Alápatà ní òun ìbá ti já ìbọn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òun ìbá ti bu iyanrìn sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ iwájú ìsọ̀ àwọn méjèèjì ni Sùlè gbé ìbọn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Dúródọlá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí nígbà tí wọ́n rí i.

Ìyìn ni wọ́n ń fi Dúródọlá ṣe. "Obìnrin bí ọkùnrin! Ìbọn ń wò ó lójú, ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ!" Àwọn obìnrin wá láti ọjà Arzèkè, wọ́n ní àwọn mú aṣọ wá rán, kí wọ́n ṣáà lè rí i. Yóò ní ẹ ṣé, yóò sì gbójú sílẹ̀. Bó bá jókòó ti ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kọjá "oúnjẹ rèé". Inú ń bí i. Ọkùnrin náà kì í fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀hún. Ó gbìyànjú lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn aláàárù fi í ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ fi ṣú, kò tún lọ mọ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, Dúródọlá wọ yàrá, ó bá a tó ń di aṣọ rẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, Bàbá Àbíkẹ́?"

"Ṣábẹ̀. N ó lọ dáko. Ẹni tó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ fún ìbọn, kí ló tún ń wá láàárín ọkùnrin?" Ó so ẹrù náà, ó tún tú u. "Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Bó bá jẹ́ pé mo sọ fún ara mi pé kí n sá ni, ì bá yé mi. N kò sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni mo tún ti rí ara mi. Ta ló gbé mi débẹ̀, Dúródọlá? Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ta ló gbé mi débẹ̀?"

Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Dúródọlá ti ń kó ọ̀rọ̀ kíkorò jọ dè é. Kò rí ọ̀kankan sọ nínú wọn. Ó jókòó sórí ẹní.

"Mo na ọwọ́ sí i," ló wí.

"Sí ta?"

"Sí Sìkírátù. Sùlè béèrè rẹ̀, mo na ọwọ́ síbi tó wà. Mo fi hàn án. Wọ́n ń pè mí lákọ obìnrin káàkiri ìgboro, mo sì ti fa ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́. Ìyá Gàní ni kò jẹ́ kó rí i."

Ọmọ́ládé wò ó. Ẹrù aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó tì í, èjìká rẹ̀ kan tìyàwó rẹ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí Àbíkẹ́, ọmọ wọn, fi ti ilé ìwé dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, tọkọtaya náà mú awó kan lọ́wọ́, wọ́n lọ kí Ìyá Gàní. Ìyá náà gba awó, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n jókòó. Ọmọ́ládé ní, "Màmá, ẹ̀yin ni ẹ ṣe ohun tó yẹ kí èmi ṣe. Báwo ni ẹ̀rù kò ṣe bà yín?"

Ìyá Gàní rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ta ní ẹ̀rù kò bà? Ṣé ẹ ò rí i pé n kò dìde lórí bẹ́ǹṣì títí gbogbo èèyàn fi lọ? Mo ti tọ̀ sára. Ìró mi ti rin gbingbin." Ó nu ojú. "Bó ṣe rí fún mi nìyẹn láti ọmọdé. Bí ẹ̀rù bá ti bà mí, ẹnu mi ló ń sáré. Ọkọ tí mo fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́ lù mí lálùbolẹ̀ nítorí ẹnu yìí. Lọ́jọ́sí, ó ṣiṣẹ́. Bí ìbọn bá sì dún, ohun tí gbogbo yín ìbá máa wí ni pé ẹnu rẹ̀ ló pa á. Ọmọ́ládé, ẹsẹ̀ tìẹ ló sáré. Kò sẹ́ni tó bi wá pé èwo la fẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tu Ọmọ́ládé nínú díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ó padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n bá bi í nípa Kútọnu, yóò ní ó wà dáadáa, yóò sì gbé ẹrù rẹ̀. Kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó parí, wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ti Dúródọlá ló le jù. Ọ̀sẹ̀ méjì tún kọjá kó tó lè sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Òun àti Sìkírátù ń ká aṣọ ní ọ̀sán, kò sí oníbàárà.

"Sìkírátù, lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ wá, mo fi ibi tí o wà hàn án. Ọwọ́ yìí ni mo nà. N kò mọ̀ pé mo ń nà á, ṣùgbọ́n mo nà á. Mo bẹ̀ ọ́."

Sìkírátù ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tẹ́ ẹ lé orí àwọn tó kù.

"Mo rí i, Táńtì. Aṣọ títa yẹn kò nípọn. Mo rí òjìji ọwọ́ yín."

Dúródọlá ò lè gbójú sókè. "O rí i, o sì tún ń jí wá síbí láràárọ̀?"

"Inú bí mi fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà mo rántí tèmi. Nígbà tó pe orúkọ mi, Táńtì, ohùn mi tó kọ̀ kò jáde yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tó fẹ́ sọ? Kì í ṣe 'ẹ gbà mí'. 'Ẹ́ẹ̀n' ni. Mo fẹ́ jẹ́ ẹ lóhùn. Bó bá tún pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ǹ bá jáde sí i fúnra mi."

Dúródọlá fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì sunkún, ìsọ̀ wà ní ṣíṣí, àwọn èèyàn ń kọjá.

Ilé ẹjọ́ rán Sùlè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, lèmọ́mù sì tú ìgbéyàwó náà ká. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Sìkírátù ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kandi ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Dúródọlá àti ọkọ rẹ̀ sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Ó ti jókòó láàárín àwọn àpò àgbàdo nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ní, "Táńtì, bí mo bá ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tèmi, orúkọ wo ni ẹ rò pé wọ́n máa pè mí?"

"Orúkọ tó bá wù ọ́ ni," Dúródọlá dá a lóhùn. "Sọ fún wọn kí wọ́n tó yàn án fún ọ."

Ọkọ̀ gbéra, Sìkírátù ń rẹ́rìn-ín, kò fọwọ́ bo ẹnu.