Páálí Àwọn Èèyàn Kíńkín

Ká ní owú máa ń pani kíákíá ni, wọn ì bá ti sin Merle Vandegrift láti ọdún 1965. Ṣùgbọ́n owú kì í pani kíákíá. Ó ń báni gbélé ni, ó ń báni jẹun, ó ń báni sùn. Nígbà tí Merle fi máa pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, etí rẹ̀ kan ò gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n owú tirẹ̀ ṣì ń ta kébékébé.

Lowell Hruska ni Merle ń jowú rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Coyle ní Ypsilanti ni, níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò kékeré oníke, èyí tí wọ́n ń tà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí kí ẹni tó bá rà á lọ fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀ nílé. Kì í ṣe àwọn ló ń ṣe mọ́tò náà o. Àwọn ló ń ya àwòrán ara páálí. Ẹ má sì fojú kéré iṣẹ́ yẹn, nítorí kò sí ọmọ tó lè rí ohun tó wà nínú páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa. Àwòrán yẹn ló ń ta ọjà.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní yàrá àwọn ayàwòrán: na mọ́tò, sì dín èèyàn kù. Ohun tó wà nínú páálí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ rí lójú bí ohun tó lè gbé odidi ìdílé dé California. Nítorí náà, ẹ ó fa mọ́tò gùn díẹ̀, ẹ ó sì jẹ́ kí àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ kéré díẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Kò sì sẹ́ni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sára àwòrán, Coyle ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ Merle dáa, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọwọ́ Lowell, ọwọ́ àrà ni. Bí Lowell bá na mọ́tò, ẹ ò ní mọ̀ pé ó nà án, ó kàn máa wù yín kí ẹ ṣílẹ̀kùn kí ẹ wọlé ni. Ọ̀gá Coyle fúnra rẹ̀ á wá dúró lẹ́yìn àga Lowell, á súfèé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á sì máa lọ. Ọdún mẹ́rin ni Merle fi retí kí ọkùnrin yìí súfèé lẹ́yìn àga tòun náà. Kò ṣe é rí. Tó bá dé ọ̀dọ̀ Merle, ohun tó máa ń sọ ni, "Ó dáa, ó dáa." Ṣé èyí ni èèyàn fẹ́ gbọ́?

Nígbà tó di ọdún 1965, wọ́n gbé ọkọ̀ ìdílé kan fún Merle láti yà, ọkọ̀ gígùn tí bàbá, ìyá, ọmọ méjì àti ajá máa ń kó sí lọ gbafẹ́. Ó dúró títí Lowell fi lọ jẹun ọ̀sán, ó wá mú rúlà, ó lọ wọn mọ́tò tí Lowell ń yà lọ́wọ́. Ó wọn táyà rẹ̀, ó wọn fèrèsé rẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Tèmi á gùn jù ú lọ."

Ó fa tirẹ̀ gùn ju ti Lowell lọ. Ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún fà á. Ó dín bàbá kù, ó dín ìyá kù, ó dín àwọn ọmọ kù. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tó fi máa gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ọkọ̀ náà ti fẹ́ gùn tó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ ń yọjú lábẹ́ fèrèsé bí eku inú ihò, sítíárì tó dì mú fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ. Ìyá ò tó báàgì ọwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, eyín síta. Ajá ńkọ́? Yéè! Merle gbàgbé láti dín ajá kù. Ajá náà jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú títóbi tí Ọlọ́run dá a, ó yọ ahọ́n, ó ń wo àwọn ọmọ méjèèjì bí ẹni tó ti ń gbàdúrà oúnjẹ.

Coyle ò sí nílé lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí kó tó dé. Àwọn onísọ́ọ̀bù fi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì dá ọjà padà. Ni Coyle bá já wọ yàrá àwọn ayàwòrán, páálí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Ta ló ya ìranù yìí? Mo ní ta ni? Kó dìde kó máa kó ẹrù ẹ̀!"

Gbogbo wọn doríkodò. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú Bernadine, ìyàwó Merle, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ni. Merle fẹ́ sọ̀rọ̀, ló bá tún mú búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Lowell ló gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Èmi ni, ọ̀gá."

Coyle wò ó. Ó wo páálí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ Lowell! Háà, ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà ń kọsẹ̀. Má dán an wò mọ́ o." Ó jáde lọ. Ó parí.

Ẹ ó rò pé Merle á dọ̀bálẹ̀ kí ọkùnrin yìí ni. Rárá o! Inú bí i délé ni. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé èèyàn wo lògo ẹ̀ pọ̀ débi pé ó lè gbé ẹ̀tẹ́ ẹlòmíì wọ̀, kó má sì hàn lára ẹ̀? Ìgbà tí Bernadine bi í pé kí ló dé, ó ní, "Lowell ló ya páálí kan báyìí, o ò lè gbà á gbọ́." Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún náà, ní gbogbo Ọjọ́ Ìdúpẹ́, tí gbogbo ẹbí máa ń péjọ jẹun, bí wọ́n bá ti ń gé tòlótòló, Merle á sọ ìtàn Lowell àti àwọn èèyàn kíńkín. Á fi ọwọ́ ṣe bí bàbá ṣe ń yọjú, á yọ ahọ́n bí ajá. Bernadine á rẹ́rìn-ín títí á fi di ìhà mú. Àwọn ọmọ mọ ìtàn yẹn lórí, àwọn ọmọ-ọmọ náà mọ̀ ọ́n.

Ayé wá yí. Àwọn tó ń kó páálí àtijọ́ jọ, àgbàlagbà onírun funfun lọ́pọ̀ nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn páálí Coyle kiri. Àwọn tó rẹwà tí Lowell yà, wọ́n á wò wọ́n, wọ́n á ní ó dáa, ó dáa. Ṣùgbọ́n páálí àwọn èèyàn kíńkín! Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Wọ́n tẹ ajá yẹn sára ẹ̀wù. Ní Toledo, níbi tí wọ́n ti ń pàdé ní gbogbo ìgbà ìrúwé, wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀ fún Lowell, nítorí ìtàn ti tàn ká pé òun ló yà á, wọ́n ń tò sí iwájú rẹ̀ kó bá wọn buwọ́ lù ú. Ọmọ-ọmọ Merle ló fi hàn án lórí fóònù. "Bàbá àgbà, ẹ wo Lowell yín!"

Merle ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Òkìkí kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ mú wá sáyé, ọ̀dọ̀ Lowell ló wà. Òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e fún un! Kò sí bó ṣe lè gbà á padà láìjẹ́wọ́ pé ojo lòun, òpùrọ́ sì lòun, lójú Bernadine tó ti bá a rẹ́rìn-ín láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó gbé e mì lọ́dún yẹn. Ó gbé e mì lọ́dún kejì. Ní ọdún kẹta, ó ní, "Bernadine, wa mọ́tò, jẹ́ ká lọ sí Toledo."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí Lowell ni?"

"Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀."

"Ó dáa, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ o. Ọkùnrin náà ti dàgbà."

Ìlà tó wà níwájú Lowell fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bernadine bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ sápá, ó lọ ra kọfí. Merle tò sẹ́yìn obìnrin kan tó gbé páálí náà mọ́ àyà, Noreen lorúkọ ẹ̀, ó wà lára káàdì tó so mọ́ ẹ̀wù. Láti ibi tí Merle dúró, ó ń rí orí Lowell, gbogbo irun rẹ̀ ṣì pé. Irun pàápàá! Merle fọwọ́ kan orí tirẹ̀, inú tún bí i.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wá a, bàbá," Noreen ló ń bá a sọ̀rọ̀. "Ọkọ mi ní tí mo bá kú, inú ẹ̀ lòun máa sin mí sí."

"Kí lẹ rí nínú ẹ̀?"

"Ẹ wò wọ́n ná! Wọn ò lè rí ọ̀nà, ajá fẹ́ẹ́ jẹ wọ́n, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bí ilé wa ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé gan-an nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Hruska mọ ohun tó ń ṣe."

"Hruska wo?" Ohùn Merle ti ga. "Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan! Wọ́n gbàgbé láti dín ajá yẹn kù ni!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo yà á!"

Ó jáde. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó tu omi gbígbóná. Noreen rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lẹ́yìn náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní, "Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ní bàbá òun ló yà á. Bàbá, ẹ lọ tò sẹ́yìn ẹni yẹn."

"Mo ní èmi ni! Merle Vandegrift! Ẹ bi í!"

Lowell gbójú sókè. Ó fọwọ́ ti tábìlì, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ẹnu rẹ̀ là, ó ń rẹ́rìn-ín, ayọ̀ hàn lójú rẹ̀.

"Merle! O wá! Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ló ń sọ, òun ló yà á. Ṣebí mo ń sọ fún yín lọ́dọọdún pé kì í ṣe èmi? Ṣebí ohun tí mo ń kọ sára páálí yín gan-an nìyẹn?"

Òótọ́ ni. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, lára páálí kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kọ ọ́ pé "Kì í ṣe èmi ló yà á." Wọ́n ti sọ ìyẹn di àwàdà bàbá. Wọ́n ń wá páálí tó ní àwàdà náà lójú méjèèjì.

Noreen gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹ wo ìwà," ó ní. "Ẹ wo bó ṣe gbé e fún bàbá yìí kí ojú má baà tì í." Ẹnìkan pàtẹ́wọ́, ni gbogbo ìlà bá gbà á. Lowell ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọkùnrin tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan ń nu ojú.

"Ẹ dákẹ́ ná, mi ò ṣàwàdà," Lowell ń pariwo, wọ́n sì túbọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó fi báírò sí ọwọ́ Merle. "Buwọ́ lù ú fún un, Merle. Tìẹ ni."

Merle na báírò sí páálí náà. Noreen fa páálí sẹ́yìn, ó fi apá méjèèjì dì í mọ́ra. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Orúkọ ẹlòmíì á bà á jẹ́."

Merle rí i pé ó ti parí nìyẹn. Òtítọ́ pàápàá, ti Lowell ni. Ó yí padà láti máa lọ, ó sì rí Bernadine níwájú rẹ̀, ife kọfí méjì lọ́wọ́, ẹ̀wù lápá. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì pàtẹ́wọ́.

"Ìgbà tí mo lóyún Jolene ni, àbí?"

"Wọn ò gbà mí gbọ́, Bernadine. O rí wọn? Lowell fúnra ẹ̀ sọ ọ́, wọn ò gbà!"

"Èmi gbà ọ́ gbọ́. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo ti ń wo ojú yìí. Òótọ́ lo sọ lónìí."

Inú Merle dùn. Ọlọ́run má jẹ́ ká yagọ̀, inú rẹ̀ dùn! "O gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ọkùnrin yẹn sọ pé òun ni, kí wọ́n má baà lé ọ, kí n lè bímọ sínú ilé. Ìwọ wá ń yọ ahọ́n bí ajá lórí tábìlì mi lọ́dọọdún, èmi náà sì ń bá ọ fi í rẹ́rìn-ín." Ohùn rẹ̀ ò ga rárá. "Ṣé o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí?"



Bernadine kó ife kọfí méjèèjì fún un, ó gbé ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lé e lápá, ó sì lọ tò sẹ́yìn ìlà Lowell.