Ẹran Oníyọ̀ fún Dúkù

1.

...nítorí náà, láti òní lọ, Dúkù kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀bà mọ́. Ajá tó ti London wá kì í jẹ ẹ̀bà. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ inú agolo ni kí ẹ máa fún un. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Òyìnbó kì í rẹ ẹ́.

— Olóyè Olúbọ̀wálé, Kọ́ńtíràkítọ̀. Ṣógúnlé, 1976.

(Èmi akọ̀wé wọn ni mo tẹ̀ ẹ́. Kọ́mà nìkan ni mo fi kún un.)

2.

Ailegun, nítòsí wa níbí, ni wọ́n bí Dúkù sí.

Mi ò tẹ ìyẹn.

3.

Rájí mẹ́gádì ló ń fún ajá lóúnjẹ. Ará Ìwó ni. Yàrá kan ni òun àti Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ilé Olóyè. Oyún Sẹ̀kínátù ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá lé Rájí lẹ́nu iṣẹ́, yàrá náà ti lọ nìyẹn.

Ó lọ bá Olóyè pé iyọ̀ ẹran yìí ti pọ̀ jù, pé èèyàn pàápàá ń rẹ irú rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́.

Olóyè bi í bóyá ó ti wọ bàálù rí.

4.

SỌ́ŃDÈ, NÍWÁJÚ ÀLEJÒ

Ẹran: agolo mẹ́ta.

Omi: abọ́ mẹ́rin.

Ìtọ̀: sórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun.

Àṣẹ Olóyè: ẹ gbé abọ́ omi kúrò.

5.

Dúkù bì. Ara rẹ̀ gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kú.

6.

Sí Olóyè Olúbọ̀wálé:

Mo yẹ òkú ajá yín wò. Iyọ̀ ló pa á. Ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ tọ́jú kò dára fún ajá. Èyí tó jẹ pọ̀, kò sì rómi mu. Mi ò rí májèlé kankan.

— Dókítà ẹranko.

7.

Rájí ló gba ìwé náà wá; Olóyè kà á lórí ìdúró lójú rẹ̀. Wọ́n ká a, wọ́n ní kí n fi sápò mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde lọ sọ fún àwọn àlejò tó wá bá wọn kẹ́dùn ajá pé májèlé ni.

8.

Ẹ̀YÌN ILÉ, BÍ MO ṢE GBỌ́ Ọ

OLÓYÈ: Èyí tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ rẹ̀ nìyí. Bí kì í bá ṣe ìwọ lo fi nǹkan sí i, jẹ ẹ́.

RÁJÍ: Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mùsùlùmí ni mí.

ÀLEJÒ KAN: Ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó ni. Kò burú tó tiwa.

(Ẹ̀rín.)

RÁJÍ: Ìyàwó mi ti fẹ́ bí, sà. Ẹ má lé wa.

OLÓYÈ: Ta ló lé ọ? Oúnjẹ ni mo gbé fún ọ.

RÁJÍ: Bùọ̀dá akọ̀wé, ìwé dókítà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi kà á fún wọn.

AKỌ̀WÉ: (Mo wo Olóyè.)

9.

Olóyè wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, “Ìwé wo?”

Rájí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fa abọ́ náà mọ́ra.